Omi rédíétọ̀ ló fẹ́ ba ìrìn Dempster wa jẹ́, bí mo ṣe tún un ṣe rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wa jíìpù lọ sí Inuvik, ní àríwá Kánádà, nígbà òtútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ omi rédíétọ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó kúrò ní Dawson City. Ọ̀nà Dempster tó lọ síbẹ̀ yẹn ju kìlómítà 700 lọ, ilé epo sì jìnnà síra wọn gan-an, tí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà, òtútù lè pààyàn.

Fóò-wíìlì ni tèmi, táyà yìnyín wà nídìí ẹ̀, àmọ́ láàárọ̀ tá a fẹ́ gbéra, òtútù ti lọ sí -42 lórí ìwọ̀n Celsius, mo ṣí rédíétọ̀, omi inú ẹ̀ ti ń ki, ó ti ń di yìnyín. Ìdajì antifreeze (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi rédíétọ̀ tètè dì), ìdajì omi ni mo pò sí i, ìyẹn ò sì lè kọjá nǹkan bíi -37.

A ti mọ́tò sínú gáréèjì tó móoru títí omi yẹn fi yọ́, mo wá dà á sínú kẹ́ẹ̀gì (májèlé ni o, ó sì máa ń dùn lẹ́nu ajá, ẹ má dà á sílẹ̀), mo tún un pò, antifreeze 60, omi 40, ìyẹn lè gbé e dé nǹkan bíi -50. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ da antifreeze nìkan sí i o, èyí tí ò lómi rárá ti máa ń dì ní nǹkan bíi -13!

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé bátìrì wọlé, mo sì ki block heater (ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná) bọ iná mànàmáná fún wákàtí mẹ́rin kí n tó sítáàtì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà.