Bí Olùbẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Mọ Ọ̀nà Nínú Unix

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣí ojú dúdú tí a ń pè ní terminal, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, máa ń rò pé àfi kí òun há ọgọ́rùn-ún àṣẹ sórí kí òun tó lè ṣe ohunkóhun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti tó fún oṣù àkọ́kọ́, bí onítọ̀hún bá ṣáà ti mọ ibi tí òun dúró sí kí ó tó tẹ èyíkéyìí nínú wọn.

Ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, òun ni mo sì máa ń gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú láti lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àlòkù sì lè gbé e.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ pátákó ìtẹ̀wé. Ní Kétu níbí àti ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, ti Faransé ni ó wọ́pọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé láti yan Faransé nígbà tí ẹ ń fi Linux sórí kọ̀ǹpútà, ẹ óò tẹ àṣẹ pwd, pzd ni yóò jáde, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ fún yín pé kò sí àṣẹ tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ tún un yàn nínú Paramètres (Settings). Àmì / tí a óò máa lò gan-an wà lórí bọ́tìnnì kan náà pẹ̀lú àmì :, ẹ óò sì di Maj (Shift) mú kí ó tó jáde.

Inú / yìí ni gbogbo fáìlì wà. Bí àlejò bá ń bọ̀ ní Kétu, láti Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ni a ó ti júwe ọ̀nà fún un: àdúgbò báyìí, agbo ilé báyìí, yàrá báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni /home/ade/ajo ṣe rí. Ibikíbi tí ẹ bá wà, kò lè ṣì yín lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti wà nínú agbo ilé, yàrá nìkan ni a ó dárúkọ fún un, ìyẹn ajo lásán. Bí ó bá jẹ́ agbo ilé ẹlòmíràn ni ọmọ náà dúró sí, kò ní rí yàrá kankan.

Ẹ tẹ pwd, kí ẹ tẹ Entrée: yóò sọ ibi tí ẹ wà. Ẹ tẹ ls, ẹ óò rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ fi mkdir ajo ṣe fódà tuntun, ẹ fi cd ajo wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì tún tẹ pwd kí ẹ lè rí i pé ọ̀nà náà ti gùn sí i. cd .. ni yóò mú yín jáde, àlàfo sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn cd. Ajo tí a fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ àti ajo tí a fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà lójú Linux. cp ń ṣe ẹ̀dà, mv ń gbé nǹkan kúrò tàbí kí ó yí orúkọ rẹ̀ padà.

rm ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí pé ohun tí ó bá pa kì í lọ sí ibi ìdalẹ̀sí kankan tí ẹ ti lè ṣà á padà. Nígbà kan mo fẹ́ pa àwọn ẹ̀dà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú atijo. rm atijo* ni ó yẹ kí n tẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo kan bọ́ sáàárín: rm atijo *. Ó ráhùn pé òun kò rí atijo, ó sì rọra pa gbogbo fáìlì yòókù tí ó wà nínú fódà náà, nítorí pé ohun gbogbo ni * dúró fún. Ìṣirò owó àjọ oṣù mẹ́ta wà níbẹ̀. Ìyá àjọ kò bínú, ṣùgbọ́n òru méjì ni mo fi dà á kọ láti inú ìwé tí wọ́n fi báírò kọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ ls atijo* kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tí rm fẹ́ pa, lẹ́yìn pwd dájúdájú.

Bí àṣẹ kan bá rú yín lójú, ẹ kọ man síwájú orúkọ rẹ̀, bí man cp, àlàyé rẹ̀ yóò sì jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ti kọ̀ǹpútà pa nítorí pé wọn kò mọ bí a ṣe ń kúrò níbẹ̀. Q nìkan ni kí ẹ tẹ̀.