Bí Mo Ṣe Dá Kọ́ Físíìsì A-Level, àti Owó Tí Mo San Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ìdánwò físíìsì A-Level ti Cambridge, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì jókòó ṣe é. Oṣù kìíní ni mo san owó àkọ́kọ́ fún ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn. Wọ́n já rìsíìtì fún mi, wọ́n ní kí n máa lọ kàwé. Ìgbà tí mo padà lọ ní oṣù kẹta láti béèrè ọjọ́ ìdánwò ni akọ̀wé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé àwọn kì í gba ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àwọn sínú láàbù, àti pé nítorí ìyẹn, àwọn kò tilẹ̀ fi orúkọ mi ránṣẹ́. Ìforúkọsílẹ̀ ti parí nígbà náà. Ilé-ìwé kejì tó gbà mí gba owó ìdánwò, wọ́n sì gba owó ìjáfara lé e, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní owó tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́. Owó tí mo fi ọdún kan gbáko kó jọ nídìí títa aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ni. Inú ṣì ń bí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìrírí yìí.

N kò ní pẹ́ lórí ìwé kíkà. Ẹni tó bá ti gba kírẹ́díìtì nínú físíìsì WAEC lè dá ka ti A-Level bí ó bá jókòó tì í. Mo tẹ sílábọ́ọ̀sì jáde, mo ń fa ìlà sí ohun tí mo bá ti mọ̀, mo sì ń ṣe ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá pẹ̀lú ìwé tí àwọn tó ń máàkì ń tẹ̀lé. Pépà 1 tó ní ìbéèrè 40, Pépà 2, àti Pépà 4 tó ní máàkì 100, orí tábìlì nílé ni a ti lè múra fún gbogbo wọn. Pépà 5, níbi tí a ti ń kọ bí a ó ṣe ṣètò ìwádìí, kò fẹ́ ju pẹ́ńsù àti rúlà lọ. Pépà 3 ni ọ̀rọ̀ wà: máàkì 40, wákàtí 2, ìbéèrè 2, nínú láàbù, pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú ẹni.

Nígbà tí n kò tíì rí láàbù wọ̀, mo dá ti ara mi sílẹ̀ nílé. Mo so nọ́ọ̀tì irin mọ́ òwú ìránṣọ, mo fi òwú náà kọ́ irin ojú fèrèsé, mo wọn mítà kan géérégé láti ibi tí mo so ó mọ́ dé àárín nọ́ọ̀tì. Mo ń jẹ́ kí ó fì, mo ń fi aago inú fóònù mi wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi lọ tó sì bọ̀ nígbà 20, kí n lè fi ṣírò g, ìyẹn bí ìyára ohun tó ń já bọ́ sílẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó súnmọ́ 9.8. Ohun tí mo rí ni 10.8. Mo tún un ṣe, 10.8 náà ni.

Ọjọ́ 11 ni mo fi bá 10.8 yìí jà. Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru téèpù àǹtí mi, nítorí téèpù aránṣọ máa ń nà bó bá ti pẹ́. Mo ra rúlà onígi oní-mítà-kan, kò sí àyípadà. Mo fi okùn ìpẹja pààrọ̀ òwú. Mo ti fèrèsé, mo pa fáànù, mo ń làágùn nínú yàrá kí atẹ́gùn má baà ti nọ́ọ̀tì. Mo dín bí mo ṣe ń fà á sẹ́yìn kù, torí ìwé sọ pé bí ó bá fì jù, ìṣirò náà kì í bára mu mọ́. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti kà á nínú ìwé pé àṣìṣe kan wà tó ń lọ sókè sódò, òmíràn sì wà tó ń dúró sójú kan. Mo mọ ìtumọ̀ méjèèjì lórí, ṣùgbọ́n nígbà tí èyí tó ń dúró sójú kan dé iwájú mi, n kò dá a mọ̀.

Ilé-ìwé kejì yọ̀ǹda Sátidé méjì fún mi nínú láàbù wọn. Bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ dúró tì mí, wọ́n ń wò mí, wọ́n sì ní, "Ọmọ mi, tún un ṣe, kí o máa kà á sókè." Mo tẹ aago, mo ní, "Ení." Wọ́n dá mi dúró lójú ẹsẹ̀.

"Kí ló ti lọ tó sì bọ̀ tí o fi ń pe ení?" ni wọ́n bi mí. "Òdo ni kí o pè bí o bá ti ń tẹ aago. Ìgbà tó bá lọ tó sì padà dé ibi tó ti gbéra ni ení."

Gbogbo ara mi tutù. Láti kékeré, ení, èjì, ẹ̀ta ni a fi ń ka nǹkan. Kò sí ẹni tó ń ka ẹyin tó ń ti òdo bẹ̀rẹ̀. Ìlọ-bọ̀ 19 ni mo ti ń pè ní 20 láti ọjọ́ yìí wá. Aago mi ń fún mi ní 38.2, mo ń pín in sí 20, ó ń jẹ́ 1.91. Lọ́jọ́ náà ó di 40.2, tí í ṣe 2.01 fún ẹyọ kan, g sì di 9.77. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Wọ́n tún fi hàn mí pé kí n fi bírò sàmì sí ìsàlẹ̀ gan-an, níbi tí nọ́ọ̀tì ti ń sáré jù, kí n máa kà á bó bá ti ń kọjá níbẹ̀ sí apá kan náà, torí pé ní ìpẹ̀kun ó máa ń falẹ̀, ojú kì í sì í mọ ìgbà tó yí padà.

Àṣìṣe kejì ni mo dá rí fúnra mi, orí mi sì wú. Mo ra wáyà ìdáná sítóòfù oníná kí n lè ṣírò bí irin rẹ̀ ṣe ń dènà iná tó (resistivity), mo tọ́ ọ gún, mo fi micrometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ohun tó tín-ín-rín, wọn bó ṣe nípọn tó: 0.52 mílímítà. Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, mo pa ẹnu micrometer náà dé láìfi nǹkan sí i, mo rí i pé 0.02 ló ń kà dípò òdo. Nítorí náà 0.50 ni wáyà mi. A máa ń sọ nọ́ńbà yìí di ìlọ́po ara rẹ̀ nínú ìṣirò, àṣìṣe 4% ì bá sì ti di 8%. Ohun tí mo rí ni 1.1 × 10⁻⁶ ohm-mítà, bó ṣe yẹ kí ó rí fún nichrome, irin tí wọ́n fi ń ṣe irú wáyà yìí.

Máàkì mìíràn wà tí mo ń sọ nù lọ́fẹ̀ẹ́ títí ó fi yé mi. Orí òpó kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì gbọ́dọ̀ ní ohun tí a wọ̀n àti òṣùwọ̀n rẹ̀, àmì orí gíráàfù sì gbọ́dọ̀ gba ìdajì bébà, ó kéré tán, lóròó àti níbùú. Ní ìparí ìbéèrè kejì, a ní láti kọ ohun mẹ́rin tó ba ìwọ̀n jẹ́ àti àtúnṣe mẹ́rin. Ẹni tó bá kọ "àṣìṣe ènìyàn" kò rí nǹkan kan gbà. Àfi kí ó sọ ohun tó ṣòro láti wọ̀n gan-an, àti ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò lọ wẹ́rẹ́. Nínú oṣù kẹjọ, B ni mo gbà, láìní olùkọ́ lẹ́sìnnì kankan, òun àti ìṣirò ni mo sì fi gba fọ́ọ̀mù Direct Entry láti wọ yunifásítì. Ó dá mi lójú pé bí mo bá ti rí láàbù wọ̀ láti oṣù kìíní ni, n kì bá má gba A.

Bí mo bá tún máa ṣe é, n kò ní san kọ́bọ̀ kí ilé-ìwé tó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yóò gbà mí sí láàbù fún Pépà 3, n ó sì máa lọ béèrè ìwé tó fi hàn pé orúkọ mi ti dé Cambridge títí wọn yóò fi fún mi. Màá kọ́kọ́ ṣe Pépà 1, 2 àti 3 fún AS, ìyẹn ìdajì àkọ́kọ́ A-Level, kí n tó ṣe 4 àti 5 láàrin oṣù 13, kí owó náà má baà wọ̀ mí lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Rìsíìtì ilé-ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti àǹtí mi yóò tún gbé e lọ síbẹ̀.