Bí a ṣe ń fi àwòrán GFX 50S àti ìrírí lẹ́ńsì rẹ̀ han ẹlòmíràn

Àwòrán tí kámẹ́rà Fujifilm GFX 50S ń yà máa ń ní píksẹ́lì (àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 8256 ní ìbú àti 6192 ní òró, nítorí náà, bí ẹ bá kàn dín in kù kí ó lè gba ojú fóònù, iṣẹ́ tí lẹ́ńsì ṣe gan-an yóò ti sọnù. Ẹ fi odidi rẹ̀ hàn ní ìwọ̀n kékeré, kí ẹ sì gé ibì kan nínú rẹ̀ láìdín in kù, kí ẹ fi tì í.

Ẹ gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi lẹ́ńsì GF 110mm ya ojú ẹnì kan náà ní f/2, f/4 àti f/8 (ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì nìyẹn; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó). Ní f/2, a lè ka irun ìpéǹpéjú tó sún mọ́ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí etí yóò ti rọ̀ bí èéfín. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́ńsì yìí nìyẹn. Ẹ kọ ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì àti bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹni náà sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà mú kí àwòrán mọ́ sí i, ẹ sọ ọ́, kí ẹni tó fẹ́ ra lẹ́ńsì má baà rò pé iṣẹ́ dígí ni.