Ẹ Yé Dá Alásè Lẹ́bi: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Oúnjẹ Jíjẹ Nílé Ẹbí Lásìkò Ìsinmi

Bí ìsinmi bá ti ń parí báyìí, ẹjọ́ kan náà la máa ń gbọ́: "Mo ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ o, ilé ẹbí tí mo lọ ló bà á jẹ́." Irọ́ ni. Alásè kò so yín mọ́ àga. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ohun tí ẹ ṣe kí ẹ tó débẹ̀, àti gbogbo ohun tó ń gba ọ̀fun yín kọjá láàárín oúnjẹ kan sí èkejì. Àwo ńlá ọjọ́ ọdún gan-an kọ́ ni ìṣòro.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kí kílò ọ̀rá kan tó kún ara, èèyàn ní láti jẹ nǹkan bíi kálórì 7,700 kọjá ohun tí ara rẹ̀ ń lò. Ta ló ń jẹ ìyẹn níjókòó ẹ̀ẹ̀kan? Àwọn olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà wọn àgbàlagbà 195 ṣáájú ìsinmi ìparí ọdún àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2000: tí a bá pín in dọ́gba, kílò 0.37 péré ló kún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti burú ni pé díẹ̀ yẹn kì í sábà kúrò kí ìsinmi ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé.

Àkọ́kọ́, ẹrù "oúnjẹ ìlera". Ó kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n rìnrìn àjò, wọ́n á sáré lọ ra bísíkíìtì "aláìlọ́ràá", agolo purotéènì ńlá, àti tíì tó ń "fọ ikùn". Owó ti wọgbó. Ẹ yí páálí bísíkíìtì yẹn sẹ́yìn kí ẹ kà á: èròjà tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Tí ṣúgà, sírọ́ọ̀pù tàbí ìyẹ̀fun funfun bá wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, bísíkíìtì lásán lẹ fi owó gọbọi rà.

Tíì yẹn ló tilẹ̀ ń bí mi nínú jù. Ewé sẹ́nà ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, oògùn tó ń mú kéèyàn yàgbẹ́ sì ni. Inú ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìfun kékeré ti fa kálórì oúnjẹ yín mu tán. Omi àti ìgbẹ́ ló ń jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ẹ óò rí i pé ìwọ̀n dín láàárọ̀, ẹ mu omi, ó padà. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ tún lè pàdánù potásíọ́ọ̀mù, ewu sì nìyẹn fún ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ sì rántí pé ilé onílé lẹ wà: ilé ìgbẹ́ kan, èèyàn mẹ́wàá.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú báàgì: ẹ̀pà aláìníyọ̀ tí ẹ ti pín sínú ọ̀rá kéékèèké ní gíráàmù 30, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ kan, kálórì bíi 170, óòtì gbígbẹ, gíráàmù 40 fún àárọ̀ kan, àti ẹja inú agolo, èyí tí omi wà nínú rẹ̀, kì í ṣe òróró. Ó parí.

Èkejì, fífi ebi pa ara kí àyè lè wà fún oúnjẹ alẹ́. Ẹni tí ebi ń pa láti àárọ̀ kì í yan oúnjẹ, ohun tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń jẹ, ó sì ń yára jẹ ẹ́. Ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ikùn ti ń kún. Kó tó mọ̀, àwo kejì ti wọlé. Ẹ jẹ ẹyin mẹ́ta láàárọ̀ (purotéènì bíi gíráàmù 18) tàbí ẹ̀wà, pẹ̀lú èso kan. Bó bá ku wákàtí kan sí méjì kí àsè bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ ẹ̀pà inú ọ̀kan lára àwọn ọ̀rá kéékèèké yẹn.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide tàbí glimepiride, kò gbọ́dọ̀ lo oògùn kó wá fo oúnjẹ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já lulẹ̀. Bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 70 mg/dL, ṣúgà gíráàmù 15 ni, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n pò mọ́ omi. Kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àkókò oúnjẹ ilé tí ẹ ń lọ bá yàtọ̀ sí tiyín, kí dókítà yín ti gbọ́ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìkẹta, èyí tí mi ò lè sọ tán láéláé: ìkéde lórí tábìlì.

Gbogbo ilé ti jókòó. Ẹni tó se oúnjẹ ti wà nídìí iná láti ìdájí, òógùn ò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Wọ́n gbé àwo síwájú àlejò, àlejò wá káwọ́ gbera: "Ẹ má bínú o, mi ò jẹ ìrẹsì funfun mọ́, òróró yìí náà sì ti pọ̀ jù fún mi." Háà! Kí lẹ wá fẹ́ kí wọ́n ṣe báyìí? Oúnjẹ ti jinná. Bàbá àgbà á ní òun jẹ ẹ́ dàgbà, àbúrò á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, alásè á dákẹ́, ojú rẹ̀ á fà ro. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ojú gbogbo ilé ti wà lára àwo yín. Púpọ̀ nínú yín ló wá ń jẹ àjẹjù nítorí kí wọ́n lè fi tu alásè lójú. Ta ló fà á?

Alásè nìkan ló yẹ kó gbọ́, lórí fóònù, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó dé, kó tó lọ sọ́jà. Ẹ má dárúkọ ètò oúnjẹ kankan fún un, ohun tó lè fi ṣíbí ṣe ni kí ẹ sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ẹ̀fọ́ díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó da òróró sí i." "Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ dá wà, èmi á bù ú fúnra mi." Kí ẹ wá fi èyí kún un: "Màá ra ẹ̀fọ́ àti èso bọ̀, èmi ni màá se ti ọjọ́ kejì." Alásè tó ti rẹ̀ kò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rà á kó tó. Gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn jẹ, ó kéré tán. Nílé tí èèyàn mẹ́jọ wà, ó ti lé ní kílò mẹ́ta. Ìdì ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe nǹkan kan.

Ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ kan ní tòótọ́, kó sọ fún gbogbo ilé láìfi bò. Ṣùgbọ́n ẹ yé fi irọ́ àìsàn bojú. Ẹ ní ara yín kọ wàrà, alásè tún gbogbo ìkòkò fọ̀, lọ́jọ́ kejì ó bá yín nídìí áìsì kirimu. Ẹni tí wàrà lè ṣe ní jàǹbá lóòótọ́, tó bá dé ilé yẹn lẹ́yìn yín, wọn ò ní gbà á gbọ́.

Lórí tábìlì, bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ bù ú fúnra yín, ẹ̀fọ́ ló ń ṣíwájú, ìdajì àwo. Ẹran tàbí ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ ló tẹ̀ lé e. Ìrẹsì tó tó ẹ̀ṣẹ́ kan ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bu ìrẹsì kì í ráyè fún ẹ̀fọ́ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí àwo yín ṣófo ṣáájú tàwọn yòókù, nítorí àwo òfìfo ló ń pe ìgbakọ. Bí ìgbakọ bá sì dé: "Ó dùn gan-an, ẹ ṣeun, mo ti yó. Ẹ bá mi fi díẹ̀ pamọ́ dọ̀la." Wọ́n tún fi lọ̀ yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ tún gbólóhùn kan náà sọ. Ẹ má ṣàlàyé. Bí ẹ bá ní "ọ̀rá ti pọ̀ jù", wọ́n á ní kò pọ̀. "Mo ti yó" kò ní èsì.

Ìkẹrin, ohun mímu. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò mìlílítà 330 ní ṣúgà bíi gíráàmù 35, bẹ́ẹ̀ kó má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí èyí tó sàn jù. Omi èso inú páálí náà wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ jẹ ọsàn.

Ọtí líle: kálórì méje nínú gíráàmù kan ògidì ọtí tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń mú kéèyàn gbàgbé gbogbo èyí tí mo kọ sókè.

Nọ́ńbà àwọn àṣìṣe yìí ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Jíjẹ lórí ìdúró ń kọ́? Ẹran díndín inú asẹ́, ẹ̀gbẹ́ bísíkíìtì tí ọmọdé já sílẹ̀, ṣíbí ìtọ́wò mẹ́rin tí ọbẹ̀ olóròóró kún. Ṣíbí ìjẹun òróró kan, kálórì 120. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwọ̀nyí mọ́ oúnjẹ, òun ni ohun tó ń gba ọ̀fun kọjá láàárín oúnjẹ kan sí èkejì tí mo wí níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò bá tíì dé inú àwo yín, ẹ má fi kan ẹnu. Tí ẹ bá fẹ́ ran alásè lọ́wọ́, abọ́ ni kí ẹ gbà fọ̀. Ọwọ́ tó wà nínú ọṣẹ kì í mú ẹran.

Ẹ ò ní sùn títí ilẹ̀ ó fi mọ́, ẹ óò wá máa bèèrè ìdí tí ebi fi ń pa yín lọ́sàn-án. Àìsùn yẹn ni.

Ẹ kó oúnjẹ kúrò lórí tábìlì ní kété tí wọ́n bá jẹun tán. Bó bá wà níbẹ̀, wọ́n á máa mú un, àti pé kò yẹ kó ju wákàtí méjì lọ níta. Ìrẹsì ló burú jù: kòkòrò Bacillus cereus lè la sísè kọjá, májèlé tó ń tú sínú ìrẹsì tó wà níta kì í sì í kú bí ẹ bá tún gbé e kaná. Inú abọ́ pẹlẹbẹ ni kí ẹ dà á sí, sínú fíríìjì tí kò ju 4°C lọ, kó sì tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹ má gun ìwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì àsè. Iyọ̀ ń dá omi dúró sára, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí ara tọ́jú pamọ́ náà ń gba omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo wọn mọ́ra. Kílò kan tàbí méjì tó yọ lóru ọjọ́ kan, omi ni. Ẹ jẹ oúnjẹ yín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gun un.

Èyí tó kù, ọjọ́ tí ẹ bá padà sílé ni. Fíríìjì òfìfo máa ń mú kí ọ̀pọ̀ tún lo ọjọ́ mẹ́ta sí i lórí búrẹ́dì àti oúnjẹ rírà. Kí ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ se ẹ̀wà àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ìkòkò kan, ẹ pín in sínú ike ní ìwọ̀n ẹni kan, ẹ gbé e sínú fírísà. Alẹ́ tí ẹ bá dé, ẹ da ọ̀kan sínú ìkòkò lórí iná kékeré, kí ẹ bu omi díẹ̀ sí i kí ìdí rẹ̀ má baà jóná kí àárín rẹ̀ tó yọ́.