Àwọn àṣìṣe tó ń ba ìhámọ́ra fóòmù àkọ́kọ́ jẹ́

Cosplay ni mò ń ṣe, ìyẹn kí èèyàn múra bí ẹni inú géèmù tàbí fíìmù. Ìgbàyà tí mo kọ́kọ́ fi fóòmù ṣe, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo gbé e wọ̀. Kó tó di aago méjìlá, ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lábẹ́ apá òsì ti là gbàragada. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò mi, èmi sì fi ìgbọ̀nwọ́ fún ẹ̀gbẹ́ mọ́ra títí ilẹ̀ fi ṣú kó má baà já bọ́. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Ó dùn mí wọra.

Ìhámọ́ra N7 ni, èyí tí Commander Shepard ń wọ̀ nínú géèmù Mass Effect tó jáde ní 2007. Ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, kò ní ìyẹ́ tàbí ìwo, awẹ́ awẹ́ ló sì wà, tí èèyàn lè parí ọ̀kan kó tó mú òmíràn. Láti ìgbà náà mo ti jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí wọ́n ń ṣe tiwọn, pàápàá nígbà tí Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìtàn aláwòrán àti géèmù, bá ń sún mọ́lé. Ọ̀dà ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n àti gọ́ọ̀mù ló ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀dà kò tíì délẹ̀ rárá.

Ẹ má ra fóòmù tí ẹ kò fọwọ́ kàn. Ti tìmùtìmù kò ṣeé lò, ó máa ń mu ọ̀dà bíi kànìnkànìn, kò sì lè dá dúró. Èyí tó funfun tó ń rún wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, ọ̀dà sípìréè yóò jẹ ẹ́ ni. EVA là ń wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì àti ẹní àwọn ọmọdé tí wọ́n máa ń kì bọ ara wọn. Ní Èkó, ẹ bi àwọn tó ń ta ohun èlò bàtà ní Mushin. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: kó tẹ̀ díẹ̀, kó sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹ má sì fi èyí tó nípọn tó 10 mílímítà ṣe gbogbo ara. Àyà àti èjìká ló bá a mu. 5 tàbí 6 tó fún apá àti itan, 2 sì ni ti àwọn ìlà kéékèèké tí a ń lẹ̀ sójú rẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ wa pátánì jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ sì gé e sórí fóòmù lójú ẹsẹ̀. Ẹ kò mọ ara ẹni tí wọ́n ṣe pátánì náà fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá èyí tó wá látinú Pepakura, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àwòrán di pátánì bébà, bébà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, bébà kò sì nípọn. Fóòmù nípọn. Ẹ wò ó báyìí: apá yín jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà yípo. Ẹ gé fóòmù 10 mílímítà ní 30 sẹ̀ǹtímítà géérégé, ẹ ká a, ẹ lẹ etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Inú rẹ̀ níbi tí apá ń gbà wọlé kò ní ju bíi 27 lọ, nítorí ìdajì ìnípọn fóòmù náà ti yà sínú yípo. Apá kò ní wọ̀ ọ́, tó bá sì wọ̀ ọ́, ọwọ́ yóò kú tipiri. Aṣọ abẹ́ kò sí nínú ìṣirò yẹn o.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé màá wọ aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ gan-an, màá ní kí ẹnìkan wé náílọ́ọ̀nù mọ́ mi láyà, kó sì lẹ téèpù bò ó pátápátá. Lórí téèpù yẹn ni a ó ti fi máàkà fa ìlà ìgbàyà. Lẹ́yìn náà ni yóò gé e kúrò lára mi pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, láti ẹ̀yìn. Pátánì tó ti ara mi jáde nìyẹn. Màá kọ́kọ́ gé e sórí páálí, màá wọ páálí náà, màá sì jókòó. Ẹ má fojú kéré jíjókòó yìí. Ìgbàyà tó gùn jù, bí ẹ bá ti jókòó báyìí, itan yóò tì í sókè, etí rẹ̀ yóò sì gún yín ní ọ̀fun. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò nígbà tó ṣì jẹ́ páálí. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀.

Ẹ kọ ọ̀tún àti òsì sẹ́yìn gbogbo awẹ́ kí ẹ tó gé e. Pátánì èjìká kan náà ni à ń dojú rẹ̀ dé láti fi ṣe èkejì, ẹni tó bá gbàgbé láti dà á dé yóò ní èjìká òsì méjì. Ti N7 tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. Apá ọ̀tún Shepard ni ìlà pupa tí funfun gbè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà, àyà ọ̀tún náà sì ni wọ́n kọ N7 sí. Nínú àwòrán tó ti kọjú sí wa, ọwọ́ òsì tiwa ló máa ń bọ́ sí. Mo ti rí ìlà tí wọ́n kùn láìyẹ̀ rárá, tó mọ́ tónítóní, lórí apá òsì. Ẹni tó ṣe é kò mọ̀ títí ó fi rí fọ́tò ara rẹ̀.

Bíléèdì tó ti kú kì í gé fóòmù, ńṣe ló ń fà á ya. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ẹnu, ẹ nà á ró ṣánṣán, kí ẹ sì gé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta dípò kí ẹ fi agbára gé e lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku gọ́ọ̀mù. Ẹ lọ dúró ti aránbàtà àdúgbò yín fún ìdajì wákàtí, kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Yóò fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò gbé wọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì mú bàtà ẹlòmíràn. Ìgbà tó bá padà dé, yóò fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ tí kò fa okùn, ìgbà yẹn ni yóò pa wọ́n pọ̀, tí yóò sì fi òòlù lù ú. Èmi kò dúró bẹ́ẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù sójú kan ṣoṣo, mo sì pa á pọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ohun tó ń mú gọ́ọ̀mù yẹn ṣàn gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ kó tó lè di nǹkan mú. Nígbà tí mo dé e mọ́ àárín fóòmù méjì, kò rí ọ̀nà jáde. Lójú mi ó ti lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló ń yọ̀ nínú, oòrùn sì parí èyí tó kù.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló sábà máa ń gbà. Nígbà òjò ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ojú rẹ̀ bá sì funfun bíi pé ìrì sẹ̀ sí i, omi inú afẹ́fẹ́ ti bà lé e nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ojú méjèèjì bá ti kan ara wọn, kò sí àtúnṣe mọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ti fa ìlà kéékèèké kọjá ojú ìsopọ̀ kí ẹ tó gé e, kí ẹ lè fi ìlà bá ìlà láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé. Òórùn gọ́ọ̀mù yìí ń mú orí fọ́, ó sì ń gbaná. Kí sítóòfù, àbẹ́là tàbí sìgá má ṣe wà nítòsí, kí ẹ má sì tan heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù nínú yàrá. Ìbòmú aláṣọ tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà kò dá a dúró. Èyí tó ní àgólò àsẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn tó ń fi ọ̀dà kun mọ́tò ń lò, ni kí ẹ wá.

Heat gun yẹn ló ń pa ihò ojú fóòmù dé, òun náà ló sì ń jẹ́ kó tẹ̀ bí àyà èèyàn ṣe tẹ̀. Ẹ má sọ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré yóò gbé e. Ó máa ń jẹ 1500 sí 2000 wáàtì, bẹ́ẹ̀ èyí tí à ń pè ní I better pass my neighbour kò tó 1000. Ẹ dúró de iná ìjọba. Ẹ máa mú ẹnu rẹ̀ rìn, ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Bí ojú fóòmù bá ti dán díẹ̀, ó tó. Bó bá lé ròrò tó sì ń rú èéfín, ó ti jóná.

Ọ̀dà kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má kùn ún láìní ìpìlẹ̀: gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí a fi omi díẹ̀ là, ní ìlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Láìsí i, ọ̀dà yóò sán níbikíbi tó bá ti ń ká.

Velcro tó ní gọ́ọ̀mù tirẹ̀ lẹ́yìn kò ṣeé fọkàn tán, òógùn ló ń tú u. Ẹ fi gọ́ọ̀mù aránbàtà lẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ rán an mọ́ rọ́bà aṣọ tó ń nà. Ẹ má sì ṣe ohun tí ẹ kò lè dá bọ́ fúnra yín, nítorí ilé ìtọ̀. Bí ẹ bá ṣe àṣíborí, ẹ dá ihò sí i lábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èémí yín yóò bo dígí ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má fi ìhámọ́ra sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, kí gọ́ọ̀mù tó kẹ́yìn ti gbẹ mọ́jú, ẹ wọ gbogbo rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko nínú ilé. Ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ mu omi, ẹ jókòó, ẹ dìde. Ibi tó bá ti ń ha yín lára, ẹ fi máàkà sàmì sí i kí ẹ tó bọ́ ọ.