Bí A Ṣe Kun Pátákó Ìkọ̀wé Mẹ́sàn-án Lẹ́ẹ̀mejì Nítorí Àwọn Olùkọ́ Wa

₦59,200 ni mo yọ láti inú àpò ara mi lórí iṣẹ́ kan tí a ti san owó rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, títí di òní yìí sì ni inú ń bí mi sí akunlé tí ó fà á. Kì í ṣe owó náà nìkan ni ó dùn mí. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn olùkọ́ tí a fẹ́ fi ẹ̀bùn yẹ́ sí gan-an ni ẹ̀bùn náà kọ́kọ́ ni lára, nítorí pé ó kéré tán, odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ láìní ibi tí wọ́n lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohunkóhun sí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde mìíràn tí wọ́n lè máa gbèrò irú rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣubú síbi tí a ṣubú sí.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde wà lára àwọn tí wọ́n fi yàrá kún nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, tí ọmọ pọ̀ ju àyè lọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, pátákó ìkọ̀wé kì í ṣe pákó rárá, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n rẹ́ mọ́ ara ògiri, tí wọ́n fi ọwọ́ rà á títí tí ó fi jọ̀lọ̀, tí wọ́n sì kùn ún ní dúdú. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, dúdú yẹn ti di eérú. Olùkọ́ ìwé kẹta fi hàn mí pé igun kan ṣoṣo ní apá òsì ni ọ̀rọ̀ ti ń hàn dáadáa mọ́, ibẹ̀ ni ó ń kọ ohun gbogbo sí, tí ó ń nù ún, tí ó tún ń kọ òmíràn, tí àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó lápá ọ̀tún sì ń na ọrùn.

Láti ọdún 1994 ni a ti ń ṣe Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ káàkiri àgbáyé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, ní ìrántí ìmọ̀ràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní ọjọ́ náà lọ́dún 1966 lórí ipò tí ó tọ́ sí olùkọ́ láwùjọ. Ní àwọn ọdún tí ó ti kọjá, ìrẹsì àti ohun mímu ni ẹgbẹ́ wa máa ń gbé lọ. Èmi ni mo dábàá pé lọ́dún 2023 kí a fi ohun èlò iṣẹ́ wọn yẹ́ wọn sí: kí a tún pátákó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣe, kí a sì fi ṣọ́ọ̀kì, dọ́sítà àti rúlà gígùn kún un. Inú mi ṣì ń dùn pé mo dábàá bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe dá ₦110,000 jọ kò ní ìtàn nínú. Mo ra àwọn ohun èlò kéékèèké náà ní ₦48,500, iṣẹ́ pátákó sì gba ₦61,500 tí ó ṣẹ́kù: gálọ́ọ̀nù ọ̀dà mẹ́ta ní ₦11,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti owó iṣẹ́ ₦3,000 lórí pátákó kọ̀ọ̀kan. Akunlé ní òun ti kun ilé ẹ̀kọ́ rí, òun mọ ọ̀dà tí a ó rà. Mo fún un ní gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. (Gálọ́ọ̀nù kẹta, a kò fojú kàn án títí di àkókò yìí.) Ó ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Sátidé, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé ìjọba ti fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ajé nítorí òmìnira, a sì rò pé ọ̀dà yóò ti gbẹ kí àwọn ọmọ tó wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pátákó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dúdú minimini, wọ́n ń dán débi pé mo rí fèrèsé nínú wọn. Mo ya àwòrán, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n sì kí mi kú iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Orí mi wú.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rò pé òun kò moore. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì kò mú.” Mo sáré débẹ̀, mo sì gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ olùkọ́ ìwé kẹta. Ó ń yọ̀ lára ògiri náà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eékánná fa ojú dígí, kò fi ju ìlà fífẹ́lẹ́ kan sílẹ̀, èyí tí ẹni tí ó bá jókòó ní bẹ́ǹṣì kejì kò lè kà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ṣọ́ọ̀kì kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan bí ọ̀dà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú pátákó ni ó ní láti rí hóró-hóró díẹ̀, kí ó lè máa ha ṣọ́ọ̀kì jẹ bí a ti ń fà á lọ. Ọ̀dà olóròóró tí àwọn akunlé ń pè ní gloss, èyí tí wọ́n ń fi kun ilẹ̀kùn àti irin fèrèsé, máa ń dí gbogbo hóró yẹn pa. Òun gan-an ni akunlé náà kùn mọ́ pátákó wa, ìpele méjì.

Mo pe akunlé náà. Ó kọ́kọ́ sọ pé ṣọ́ọ̀kì tí mo rà ni kò dára. Nígbà tí mo sọ fún un pé ṣọ́ọ̀kì kan náà kọ dáadáa lára ògiri ìta, ó ní kí a ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, dídán ọ̀dà náà yóò rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní òun lè wá tún un ṣe bí mo bá fi ₦20,000 kún un. Láti ìgbà náà, kò gbé fóònù mi mọ́. Ẹni tí ó ta ọ̀dà náà ní ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ òun ni òun tà, agolo tí a bá sì ti ṣí, òun kì í gbà á padà. Nínú gbogbo èyí, ọjọ́ méjì péré ni ó kù kí Àyájọ́ pé.

Mo wá bíríkìlà kan tí ó ń fi P.O.P. (ìyẹ̀fun funfun tí a ń fi omi pò, tí ó sì ń dì) ṣe àjà ní àdúgbò wa, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáńpépà ha ọ̀dà náà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti dúró gbagidi. Òjò ti rọ̀ láti òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀dà náà gbẹ lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì tutù, bí a sì ti ń ha á ni ó ń yí di gọ́ọ̀mù tí ó ń dí ojú sáńpépà. Lẹ́yìn bí wákàtí kan àtààbọ̀, a ti ba sáńpépà mọ́kànlá jẹ́, a kò sì tíì ha ìdajì pátákó kan. Ọmọ iṣẹ́ náà dákẹ́. Èmi náà jókòó sórí àga ọmọ ìwé kìn-ín-ní, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí pé mo ń gbọ́ olùkọ́ tí ó wà ní yàrá kejì.

Ohun tí mo ń gbọ́ ni pé ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò láìsí pátákó. Ó ti so kàlẹ́ńdà àtijọ́ kọ́ ara ògiri, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó sì fi máákà kọ nọ́ńbà sí i lára. Orí tábìlì rẹ̀ ni ìdérí ìgò wà nínú ike kan, pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ tí ó dì ní mẹ́wàá mẹ́wàá fún kíkà. Kò sí ẹni tí ó fún un ní ọ̀kankan nínú wọn, òun ni ó ṣà wọ́n jọ fúnra rẹ̀, òun náà ni ó sì fi owó rẹ̀ ra máákà. Mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà láti ọjọ́ yìí pẹ̀lú àpò ìrẹsì, n kò bojú wo orí tábìlì yẹn rí.

Ẹni tí ó yọ wá ni olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní ìwé kejì, tí ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tí ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó gbọ́ ariwo, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú pátákó, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ẹ bi léèrè kí ẹ tó kùn ún?” N kò rí èsì fún un. Ó wá rán mi létí bí àwa ọmọ ìwé ti máa ń kó èédú wá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, pẹ̀lú dúdú inú bátìrì tí ó ti kú, tí a ó gún wọn pọ̀ mọ́ ewé tútù, tí òun yóò fi àkísà rà á mọ́ pátákó. Dúdú yẹn kì í pẹ́ lọ, ó sì máa ń ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ń mú lórí rẹ̀. Ó ní kí a lọ ra sáńpépà dúdú tí àwọn tí ń kun mọ́tò ń lò, èyí tí wọ́n ń fi omi lò, kí a fi omi ọṣẹ rin ín kí a tó ha pátákó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Ọṣẹ kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù náà dì mọ́, dídán náà sì ṣí kúrò. Ìgbà tí ilẹ̀ fi ṣú, pátákó mẹ́ta kò dán mọ́.

Ọ̀dà tí a fi tún un kùn, bíríkìlà ni ó pò ó. Agolo mẹ́ta ọ̀dà emulsion dúdú (ọ̀dà olómi tí wọ́n ń fi kun ògiri) tí kì í dán, agolo kan P.O.P., àti agolo omi kan. Omi ni ó kọ́kọ́ fi po P.O.P. títí tí kò fi ní kókó mọ́, kí ó tó dà á sínú ọ̀dà, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń pò ó nítorí pé P.O.P. kì í pẹ́ dì. Òkúta kan náà tí wọ́n ń sun ṣe P.O.P. ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ó sì ń fún ọ̀dà náà ní hóró tí ṣọ́ọ̀kì nílò. Ìpele méjì fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó.

Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Àyájọ́, márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ni a rí fi lé àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Mo sọ òótọ́ fún wọn lójú gbogbo ènìyàn, mo sì tọrọ àforíjì. Mẹ́rin tí ó kù parí ní Sátidé. Sáńpépà ná wa ní ₦7,200, ọ̀dà ₦13,000, P.O.P. ₦3,000, owó iṣẹ́ ₦36,000.

Bí mo bá tún fẹ́ ṣe é, pátákó kan ṣoṣo ni n ó kọ́kọ́ kùn, kí olùkọ́ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó fọwọ́ kan ìyókù. Èmi fúnra mi ni n ó ra ọ̀dà, n kò sì ní san ju ìdajì owó iṣẹ́ lọ kí ṣọ́ọ̀kì tó mú. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní pátákó funfun ni kí a bá rà. Mo bi àwọn olùkọ́ léèrè lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì ní rárá, nítorí pé máákà kì í pẹ́ gbẹ, àwọn ni yóò sì máa ra òmíràn. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi àfi olùkọ́ ìwé kẹta: bí ọ̀dà bá ti gbẹ, kí a fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì ra gbogbo ojú pátákó, kí a fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun àkọ́kọ́ tí a bá kọ kò ní parẹ́ tán láéláé.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, láti igun kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ni ó kọ déètì sí apá ọ̀tún, níbi tí kò ti lè kọ nǹkan kan láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi rúlà tuntun fa ìlà sí i nídìí, ó sì bojú wẹ̀yìn wò mí. Ó ní, “Ó mú, mà.”