Bí A Ṣe San Owó Báńà Lẹ́ẹ̀mejì Nítorí Lógò Sọ́fítíwíà Ọ̀fẹ́

Owó tí a fi tẹ báńà àti pólò fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni ní Agbowó ju owó tí a san fún gbọ̀ngàn lọ, kì í sì í ṣe pé ìwé títẹ̀ wọ́n jù ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni a san án. LibreOffice tí a fẹ́ kọ́ wọn, sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ ìwé tí a sì fi ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ubuntu tí a fi sórí àwọn laptop tòkunbọ̀ dípò Windows kò ná wa ní kọ́bọ̀. Orúkọ àti lógò wọn ni ó kó owó wa lọ, nítorí pé àwọn tí ó tẹ̀ wọ́n kò gbà pé òfin kankan wà lórí wọn, bẹ́ẹ̀ mo ti sọ ọ́ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí i. Mo ń kọ èyí kí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ rere bẹ́ẹ̀ má baà fi owó olówó jóná.

N kò ní sọ bí a ṣe kó laptop jọ àti bí a ṣe pe àwọn olùkọ́; ẹni tí ó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí mọ bí ó ṣe ń lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ bàbá tí ó ni gbọ̀ngàn, tí ó ṣe wá lóore púpọ̀ nípa dídín owó rẹ̀ kù fún wa. Kí n tó dé, bàbá ti ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, ó sì ti fún ẹ̀kọ́ wa ní orúkọ: Ojúlówó Ilé-Ẹ̀kọ́ LibreOffice ti Ìbàdàn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kò lè lo orúkọ yìí. Àwọn tí ó ni LibreOffice wà ní Berlin, wọn kò sì fún wa láṣẹ láti pe ara wa bẹ́ẹ̀.”

“Ṣebí ìwọ náà lo sọ pé ọ̀fẹ́ ni? Ta ni yóò ti Jámánì wá wo báńà ní Agbowó?”

Mo jókòó ti bàbá, mo sì tú ọ̀rọ̀ inú láísẹ́ǹsì LibreOffice, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ó sọ bí a ṣe lè lò ó, sí Yorùbá fún un. Lábẹ́ Mozilla Public License ẹ̀dà 2.0, èyí tí ó jáde ní 2012, ni wọ́n ti ń pín LibreOffice. Ó fún gbogbo ènìyàn láyè láti lo sọ́fítíwíà náà, kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì pín in fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìpín 2.3 rẹ̀ sọ gbangba pé kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ lórí orúkọ àti lógò. Apache License 2.0, láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ mìíràn, náà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà ní ìpín kẹfà rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ tí a ṣe, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ lórí orúkọ tí a fi ń dá ẹni tí ó ṣe é mọ̀. Bàbá kò tíì gbà. Mo wá bi í pé, “Bàbá, bí ẹnìkan bá yá gbọ̀ngàn yín ṣe ìgbéyàwó, ṣé ó lè fi orúkọ yín máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Òjòó?” Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Lọ tún un ṣe.” Inú mi dùn sí ọjọ́ yẹn gan-an.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé àwọn tí ó dá LibreOffice sílẹ̀ fúnra wọn ti jẹ nínú ìyà orúkọ. OpenOffice.org, sọ́fítíwíà tí LibreOffice ti jáde wá, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí tẹ́lẹ̀, orúkọ náà sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Oracle. Nígbà tí wọ́n yà kúrò ní 2010 láti dá The Document Foundation, àjọ tí ó ni LibreOffice, sílẹ̀, wọ́n kó gbogbo kóòdù, ìyẹn ohun tí a kọ tí ó di sọ́fítíwíà náà, lọ láìsí ẹni tí ó lè dá wọn dúró, ṣùgbọ́n wọn kò lè kó orúkọ náà. Wọ́n rọ Oracle pé kí ó fi orúkọ náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀dọ̀ àjọ Apache ni Oracle gbé e lọ ní 2011. LibreOffice tí a ń pè lónìí ni orúkọ tí wọ́n ní láti wá fúnra wọn. Àwọn tí ó ti rìn ní ojú ọ̀nà yẹn kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú orúkọ wọn, n kò sì lè bá wọn wí.

Ilé ìtẹ̀wé wá ni ibi tí ìnira gan-an wà. Mo ti fi fáìlì lógò tí mo gbà láti ojú-òpó àwọn tí ó ni ín ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ya àwòrán níbẹ̀. SVG ni, irúfẹ́ tí kì í fọ́ bí a bá fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n báńà. CorelDRAW tí ó fi ń ya àwòrán ti pẹ́, fáìlì náà kò sì ṣí dáadáa fún un. Dípò kí ó pè mí, ó lọ wá òmíràn lórí Google, ó mú èyí tí ó kọ́kọ́ rí, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó mú yìí ní “The Document Foundation” lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oríṣi méjì ni lógò náà: èyí tí orúkọ àjọ náà wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àjọ náà fúnra rẹ̀, èyí tí kò ní in ni wọ́n yọ̀ǹda fún àwa ará ìta, bí a bá ti tẹ̀lé ìlànà wọn. Ìlà kékeré kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, òun náà ni ó sì sọ báńà wa di irọ́, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á yóò rò pé àjọ náà ni ó gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀ ní Ìbàdàn.

Kò tán síbẹ̀. Lógò náà kò ní ẹ̀ṣọ́ tó lójú rẹ̀. Àwòrán ojú ìwé kan tí a ṣẹ́ igun rẹ̀ ni, ó tẹ́jú, ó sì mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fi òjìji dúdú sí i lábẹ́, ó fi ìlà aláwọ̀ wúrà yí i ká, ó sì na àwọn lẹ́tà rẹ̀ kí wọ́n lè kún àyè tí ó ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo fárígá, ó ní, “Àǹtí, ẹ tún un wò dáadáa, ó ti rẹwà ju tiwọn lọ.” Mo mọ̀ pé kò fi ìkà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni ènìyàn fẹ́ ṣàlàyé pé lógò kì í ṣe aṣọ ẹbí tí a ń fi lẹ́ẹ̀sì kún? Ohun tí lógò wà fún ni pé kí ẹni tí ó rí i ní Agbowó àti ẹni tí ó rí i ní Berlin lè mọ̀ pé ohun kan náà ni.

Mo padà sílé, mo fi Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán kan, sọ SVG náà di PDF, mo sì fi fláàṣì gbé e lọ bá a. Ó ṣí. Nígbà tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ewé tútù tí a rí lójú kọ̀ǹpútà jáde bí ewé gbígbẹ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwọ̀ jáde, yíǹkì sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pò pọ̀. Mo ní kí ó tún àwọ̀ náà pò, kí ó sì kọ́kọ́ dán an wò lórí ègé flex kékeré. Iná lọ. Ó ní owó epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ inú iṣẹ́ wa. Ibi tí mo ti ń dúró de iná ni mo ti rí àpò kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri: pólò wa ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán pẹ̀lú lógò àkọ́kọ́, òjìji àti ìlà wúrà rẹ̀ pé pérépéré, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí. Ọ̀gá wọn ní iṣẹ́ ti jáde, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé. A jọ fa ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì san án, nítorí pé ẹ̀kọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Báńà kejì ni mo lè fi yangàn. Orúkọ tiwa, tí a fi Yorùbá sọ, ni ó wà lókè, tí ó tóbi jù lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni a kọ “Ẹ̀kọ́ LibreOffice fún àwọn olùkọ́” sí, nítorí pé sísọ òtítọ́ nípa ohun tí a ń kọ́ni kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lógò tí kò ní orúkọ àjọ lábẹ́ wà ní igun kan, ó kéré sí orúkọ wa, ó sì wà bí a ṣe gbà á gẹ́lẹ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni gbólóhùn yìí wà: “The Document Foundation ni ó ni orúkọ LibreOffice àti lógò rẹ̀. A kò sí lábẹ́ wọn, wọn kì í sì í ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ yìí.” Olùkọ́ kan dúró, ó kà á, ó sì béèrè ìdí tí a fi kọ ọ́, ìdáhùn náà di apá kan nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Sàtífíkéètì náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. The Document Foundation ní ètò tí wọ́n fi ń yẹ àwọn olùkọ́ LibreOffice wò kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà ohun tí a kọ sí tiwa ni pé ẹni yìí kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa, láìsí lógò ẹlòmíràn níbẹ̀.

Àwọn kan ní tálákà nìkan ni irú òfin yìí ń dà láàmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Debian, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ bíi Ubuntu, tí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré rárá, kọ̀ láti lo lógò Firefox, sọ́fítíwíà tí a fi ń wo ojú-òpó, ní 2006 nítorí pé láísẹ́ǹsì lógò náà kò bá ìlànà òmìnira tiwọn mu; Mozilla tí ó ni Firefox ní bí wọn kò bá lo lógò, tí wọ́n sì ń tún kóòdù náà ṣe láìgba àṣẹ, kí wọ́n má lo orúkọ náà mọ́. Iceweasel ni wọ́n fi ń pe Firefox nínú Debian títí di 2016 tí wọ́n fi yanjú rẹ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó ń ṣọ́ orúkọ, ẹlòmíràn yóò gbà á: ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ti fi orúkọ Linux, ètò tí Ubuntu àti Debian dúró lé lórí, sílẹ̀ lábẹ́ òfin bí ohun ìní tirẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, ó sì ń béèrè owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́, kí ó tó di pé ẹjọ́ gbé e padà sọ́wọ́ Linus Torvalds, ẹni tí ó dá Linux sílẹ̀, ní 1997. Nítorí èyí ni mo ṣe kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí a lọ fi “LibreOffice Ìbàdàn” sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Abuja bí orúkọ tiwa. Òfin Nàìjíríà ń fún ẹni tí ó bá fi àmì òwò, ìyẹn orúkọ tàbí lógò bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní ọdún 7 lákọ̀ọ́kọ́, àti ọdún 14 nígbàkúùgbà tí ó bá tún un ṣe; bí owó rẹ̀ bá wà, orúkọ tiwa ni kí a lọ fi sílẹ̀.

Bí mo bá tún fẹ́ ṣe é, n kò ní san ju ìdajì owó lọ fún atẹ̀wé kankan títí yóò fi fi ègé tí ó dán wò hàn mí, tí èmi àti òun yóò sì fọwọ́ sí i, pólò pẹ̀lú báńà. N ó gbé PDF lọ pẹ̀lú SVG láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti Ubuntu, ilé-iṣẹ́ Canonical ni ó ni orúkọ rẹ̀, ìlànà wọn sì sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi í sára ọjà bí pólò àti fìlà, tàbí sínú àdírẹ́sì ojú-òpó, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. A fẹ́ ta díẹ̀ nínú pólò tí a tún tẹ̀ láti fi rí owó epo, nítorí náà a yọ lógò Ubuntu kúrò lára rẹ̀, orúkọ tiwa nìkan ni ó kù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí lógò náà wà lára tirẹ̀, kí ó kọ̀wé sí wọn kí ó tó yan ọjọ́ ẹ̀kọ́ rárá.